Òṣìṣẹ́ Inú Oyún tí Kò Mọ Ìgbà Ìsinmi: Ọ̀rọ̀ nípa Jẹjẹrẹ Awọ Ara

Kò sí ilé tí a kò ti mọ orúkọ àrùn jẹjẹrẹ, bẹ́ẹ̀ ni ó sì ṣọ̀wọ́n kí ènìyàn gbọ́ orúkọ náà kí àyà rẹ̀ má já. Orúkọ rẹ̀ sọ ìwà rẹ̀: ó ń jẹ, ó sì ń jẹ sí i, títí yóò fi jẹ ibi tí ó wà run. Púpọ̀ nínú wa ni ó rò pé àlejò ni àrùn yìí, pé òde ni ó ti wọ inú ara wá bí olè ti í wọlé lóru. Àwọn ọ̀mọ̀ràn ìṣègùn ti fi hàn wá pé ọmọ inú ilé ni. Nínú ara wa gan-an ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀, nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, agbára tí ó fi ń dàgbà jẹ́ agbára kan náà tí ó mọ wá nínú ikùn ìyá wa. Ọ̀kan nínú irú agbára bẹ́ẹ̀ ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ yìí, nítorí pé ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ kan aboyún, ó kan òbí tí ó ní àfín lọ́mọ, ó sì kan olúkúlùkù ẹni tí egbò kékeré kan wà lójú rẹ̀ tí kò jinná.

Kí ọ̀rọ̀ wa lè yé tọmọdé tàgbà, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ la ohun méjì yé ara wa. Àwọn ohun tíńtìntín tí ojú lásán kò lè rí ni a fi mọ ara ènìyàn, gẹ́gẹ́ bí a ti í fi bíríkì mọ ilé. Sẹ́ẹ̀lì ni à ń pè wọ́n. Nínú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ni ìwé àṣẹ kan wà tí a jogún lọ́wọ́ bàbá àti ìyá wa. Gbólóhùn kọ̀ọ̀kan nínú ìwé náà, èyí tí ó pàṣẹ iṣẹ́ kan pàtó, ni à ń pè ní jíìnì. Ẹ̀dà méjì ni a ní nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, èkejì láti ọ̀dọ̀ ìyá.

Jíìnì mìíràn wà fún iṣẹ́ ojoojúmọ́. Òmíràn sì wà tí ó jẹ́ pé ìgbà tí ọmọ wà nínú oyún ni iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ jù: òun ni ó ń pàṣẹ pé kí orí wà níhìn-ín, kí ẹsẹ̀ wà lọ́hùn-ún, kí ojú jẹ́ méjì, kí ìka ọwọ́ kan jẹ́ márùn-ún. Nígbà tí ilé bá parí, a máa ń kí bíríkìlà pé ó kú iṣẹ́, òun náà a sì kó irinṣẹ́ rẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn jíìnì wọ̀nyí ti í rọ ọwọ́ nígbà tí a bá ti mọ ọmọ tán, àfi níbi díẹ̀ tí ara ti ń tún ara rẹ̀ ṣe, bí irú ìdí irun. Wàhálà dé nígbà tí bíríkìlà bá padà wá ní ogójì ọdún lẹ́yìn náà, tí ẹnikẹ́ni kò pè é, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ògiri sí àárín pálọ̀.

KANTÍKANTÍ ÀTI ÌDIN ẸLẸ́GÙN-ÚN

Ìlú Heidelberg ní ilẹ̀ Jámánì ni a ti kọ́kọ́ rí ojú ọ̀nà sí ọ̀rọ̀ yìí. Obìnrin ará Jámánì kan, Christiane Nüsslein-Volhard, àti ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan, Eric Wieschaus, jókòó ti kantíkantí, àwọn kòkòrò wẹ́wẹ́ tí í yí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó pọ́n jù ká. Wọ́n fẹ́ mọ ohun tí ó ń sọ fún ẹyin kòkòrò náà bí yóò ti pín ara ọmọ sí oríkèé-oríkèé. Wọ́n fi oògùn ba jíìnì àwọn kantíkantí náà jẹ́, wọ́n sì ń wo irú ìdin tí yóò jáde. Lára ìdin tí ó pé, apá kan oríkèé kọ̀ọ̀kan a máa ní ẹ̀gún wẹ́wẹ́, apá kejì a sì máa dán. Ṣùgbọ́n wọ́n rí irú kan tí ẹ̀gún bo gbogbo rẹ̀ pátá. Wọ́n sọ jíìnì tí ó bàjẹ́ nínú ìdin náà ní hedgehog, èyíinì ni orúkọ ẹranko kékeré kan ní ilẹ̀ Òyìnbó tí ẹ̀gún bò lára bí òòrẹ̀ tiwa.

Ọdún 1980 ni wọ́n tẹ ìròhìn iṣẹ́ wọn jáde. Ní 1995 àwọn méjèèjì pẹ̀lú Edward Lewis gba Ẹ̀bùn Nobel. Ní 1993, àwọn ọ̀mọ̀wé mìíràn ti rí i pé ẹja, adìẹ àti eku náà ní irú jíìnì yìí, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi rí i nínú ènìyàn. Ohun tí a rò pé ti kòkòrò nìkan ni, ti gbogbo wa ni.

Báyìí ni iṣẹ́ rẹ̀ ti ń lọ. Ẹ fi ojú inú wo sẹ́ẹ̀lì bí agbo-ilé tí ó ní odi àti ẹnu ọ̀nà. Hedgehog ni ońṣẹ́ tí í ti agbo-ilé kan lọ sí òmíràn. Adènà kan wà ní ẹnu ọ̀nà, Patched ni orúkọ rẹ̀. Akéde kan sì wà, Smoothened ni orúkọ tirẹ̀. Iṣẹ́ adènà ni láti pa akéde lẹ́nu mọ́. Nígbà tí ońṣẹ́ bá dé, tí ó sì di adènà lọ́wọ́ mú, akéde a rí àyè, a sì ké pé kí gbogbo ilé dìde fún iṣẹ́. Nígbà náà ni sẹ́ẹ̀lì yóò bẹ̀rẹ̀ sí í pín, tí yóò sì máa pọ̀ sí i. Bí ońṣẹ́ bá ti lọ, adènà a tún pa akéde lẹ́nu mọ́, ilé a sì tòrò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi àwọn mẹ́ta yìí sọ́kàn, ońṣẹ́, adènà àti akéde, nítorí pé àwọn ni yóò tú gbogbo ìyókù ọ̀rọ̀ wa.

ỌMỌ ÀGÙNTÀN OLÓJÚ KAN

Ẹ jẹ́ kí a fi Jámánì sílẹ̀ ná, kí a sì padà sẹ́yìn nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n sí ìgbà àwọn kantíkantí wọ̀nyí, kí a rékọjá òkun lọ sí àwọn òkè Idaho ní ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà. Láàárín 1950 sí 1960, ohun ìyanu kan ń ba àwọn olùṣọ́-àgùntàn ibẹ̀ lẹ́rù. Àwọn abo àgùntàn wọn ń bí ọmọ tí ó ní ojú kan ṣoṣo ní àárín iwájú orí. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í yè. Àwọn kan rò pé àbùkù ìdílé ni, pé àgbò tí wọ́n lò ni ó ní ẹ̀jẹ̀ búburú.

Ìjọba Amẹ́ríkà rán àwọn onímọ̀ nípa ewéko olóró lọ síbẹ̀, Wayne Binns jẹ́ olórí nínú wọn. Wọ́n tẹ̀lé agbo ẹran lọ sí pápá orí òkè, wọ́n sì ń ṣọ́ ohun tí àwọn àgùntàn ń jẹ. Ní ìgbẹ̀yìn wọ́n rí ọ̀daràn náà: ewéko ìgbẹ́ kan tí ó ní ewé fífẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Veratrum californicum. Ohun tí ó ya ènìyàn lẹ́nu jù ni ti ọjọ́. Bí abo àgùntàn bá jẹ ẹ́ ní ọjọ́ kẹrìnlá tí ó lóyún, ìgbà náà ni ọmọ ń di olójú kan. Ní ọjọ́ kẹrìnlá yìí, ọmọ inú rẹ̀ kò tíì ju ohun bíńtín lọ. Ìyá rẹ̀ lè jẹ ewé náà kí ara tirẹ̀ sì dá ṣáṣá. Ìmọ̀ràn tí a fún àwọn olùṣọ́-àgùntàn kò le: kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí abo àgùntàn dé pápá náà títí ọ̀sẹ̀ mélòó kan yóò fi kọjá lẹ́yìn ìgbà tí àgbò ti gùn wọ́n. Wọ́n gbọ́, àjálù náà sì rọlẹ̀.

Richard Keeler yọ oró inú ewéko náà sọ́tọ̀, ó sì sọ ọ́ ní cyclopamine, láti inú orúkọ òmìrán olójú kan tí ó wà nínú àlọ́ àwọn ará Gíríìkì àtijọ́. Oró náà wà lórí pẹpẹ fún ọ̀pọ̀ ọdún láìsí ẹni tí ó lè sọ bí ó ti ń ṣiṣẹ́. Ní 1996, Philip Beachy àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mú jíìnì hedgehog kúrò nínú eku, àwọn ọmọ eku náà sì di olójú kan. Nígbà náà ni ọ̀rọ̀ méjèèjì pàdé. Ní 1998 wọ́n fi hàn pé ńṣe ni cyclopamine ń dí ọ̀nà tí àṣẹ hedgehog ń gbà. Lẹ́yìn ìgbà náà ni wọ́n wá rí i pé akéde gan-an ni ó ń dì lẹ́nu. Nígbà tí ó yẹ kí akéde ké pé kí a pín ojú sí méjì, kò lè ké, ojú sì wà ní ọ̀kan.

NÍGBÀ TÍ ADÈNÀ BÁ KÚ

Ní báyìí a lè wá sí ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ. Púpọ̀ jù lọ nínú jẹjẹrẹ tí í mú àgbàlagbà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti inú ìbòrí ara, èyíinì ni awọ tí ó bo òde ara, tàbí ìbòrí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ó tẹ́ inú ọ̀fun, ẹ̀dọ̀fóró, ìfun àti àwọn ojú ọ̀nà omi ọmú. Lára àwọn òyìnbó, èyí tí ó wọ́pọ̀ jù nínú gbogbo wọn ni èyí tí í ti ìsàlẹ̀ ìbòrí awọ hù, tí àwọn oníṣègùn ń pè ní basal cell carcinoma. Arthur Jacob, oníṣègùn ní ìlú Dublin, kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1827. Àwọn ará àtijọ́ fi í wé ìjẹ eku, nítorí pé díẹ̀díẹ̀ ni ó ń jẹ imú tàbí ìpéǹpéjú lọ. Kì í sábà sá lọ sí ibòmíràn nínú ara, bí a bá sì tètè gé e kúrò, púpọ̀ nínú àwọn tí ó ní i ni í bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pátápátá. Ẹni tí ó bá fi falẹ̀ ni ó ń rí ìyà rẹ̀.

Ní 1960, oníṣègùn méjì ní Amẹ́ríkà, Robert Gorlin àti Robert Goltz, ṣe àpèjúwe àwọn ìdílé kan tí irú jẹjẹrẹ yìí ń yọ lára wọn láti ìgbà èwe, tí ó lè pọ̀ tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún lára ẹnì kan. Wọ́n tún máa ń ní kókó olómi nínú egungun àgbọ̀n, egungun ìhà wọn a máa là sí méjì ní orí, ihò wẹ́wẹ́ a sì máa wà ní àtẹ́lẹwọ́ wọn. Ẹni tí ó bá ronú yóò béèrè pé, kí ni ó pa egungun ìhà tí ó là nínú oyún pọ̀ mọ́ jẹjẹrẹ tí ó yọ lójú àgbà? Ìdáhùn dé ní 1996, nígbà tí ẹgbẹ́ ọ̀mọ̀wé méjì rí i pé jíìnì kan náà ni ó bàjẹ́ nínú àwọn ìdílé wọ̀nyí. Jíìnì náà ni ti Patched, adènà wa.

Ẹ rántí pé ẹ̀dà méjì ni olúkúlùkù ní. A bí àwọn ènìyàn wọ̀nyí pẹ̀lú ẹ̀dà kan tí ó ti bàjẹ́. Nígbà tí ìtànṣán oòrùn bá ba ẹ̀dà kejì jẹ́ nínú sẹ́ẹ̀lì awọ kan, adènà kú ní agbo-ilé náà. Akéde bẹ̀rẹ̀ sí í ké tọ̀sán-tòru, láìsí ońṣẹ́ kankan tí ó wá, sẹ́ẹ̀lì náà sì ń pín láìdábọ̀. Ní ti àwọn tí a kò bí mọ́ ọn, ẹ̀dà méjèèjì ni ó ń bàjẹ́ nígbà ayé wọn. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé arúgbó ni í sábà mú, níbi tí oòrùn ti ń pa jù. Nínú jẹjẹrẹ yìí mẹ́wàá, nǹkan bí mẹ́sàn-án ni a ti ń bá adènà tí ó bàjẹ́. Nínú púpọ̀ nínú ìyókù, akéde fúnra rẹ̀ ni ó ya aláìgbọràn tí kò gba ìkìlọ̀ adènà mọ́.

OÒGÙN TÍ A FI DI AKÉDE LẸ́NU

Oró tí ó pa ọmọ àgùntàn ni ó kọ́ àwọn apoògùn ní ọgbọ́n. Bí ohun kan bá lè di akéde lẹ́nu nínú ọmọ àgùntàn, kò ha lè dì í lẹ́nu nínú jẹjẹrẹ bí? Wọ́n wá oògùn mìíràn tí ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n pè é ní vismodegib. Ní ọjọ́ 30 oṣù January 2012, ìjọba Amẹ́ríkà fi àṣẹ sí i fún àwọn tí jẹjẹrẹ yìí ti jẹ kọjá ohun tí abẹ lè ṣe. Nínú ìdánwò tí a fi gba àṣẹ náà, kókó wọn súnkì lára 43 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí tiwọn ṣì wà lójú kan, àti lára 30 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí tiwọn ti ràn lọ sí ibòmíràn nínú ara. Irú oògùn kejì, sonidegib, gba àṣẹ tirẹ̀ ní 2015.

Ohun ìdúpẹ́ ni èyí, ṣùgbọ́n a kò ní fi apá kan ọ̀rọ̀ pamọ́ fún yín. Àwọn tí ń lo oògùn yìí a máa ní pajápajá, irun wọn a máa re, ẹnu wọn kì í sì í mọ adùn oúnjẹ mọ́. Nínú ìdánwò kan tí a ṣe fún àwọn ìdílé tí Gorlin ṣàpèjúwe, tí a tẹ̀ jáde ní 2012, oògùn náà fẹ́rẹ̀ẹ́ dá yíyọ jẹjẹrẹ tuntun dúró. Síbẹ̀ 14 nínú àwọn 26 tí wọ́n ń lò ó ni wọ́n fi í sílẹ̀ nítorí ìnira rẹ̀. Nígbà tí wọ́n sì dáwọ́ dúró, kókó náà tún hù.

Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe gbogbo jẹjẹrẹ ìbòrí ara ni oògùn yìí lè ṣẹ́gun. Nínú oṣù January 2012 kan náà, a dá ìdánwò irú oògùn bẹ́ẹ̀ kan fún jẹjẹrẹ àmọ́ dúró, nítorí pé àwọn tí ń lò ó kò sàn tó àwọn tí kò lò ó. Olúkúlùkù jẹjẹrẹ ni ó ní ọ̀nà tirẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ tí ó ṣí ilé kan kò ní dandan kí ó ṣí èkejì.

Èyí tí ó wúwo jù lọ́kàn wa ni ti aboyún. Ohun tí ó di akéde lẹ́nu nínú àgbà yóò dì í lẹ́nu nínú ọlẹ̀ pẹ̀lú, níbi tí ó ti yẹ kí ó máa ké. Nítorí náà a ti pa á láṣẹ pé aboyún kò gbọdọ̀ fẹnu kan oògùn yìí. Obìnrin tí ó bá ń lò ó kò gbọdọ̀ lóyún títí oṣù 24 yóò fi pé lẹ́yìn tí ó bá ti lò ó kẹ́yìn. Ọkùnrin tí ó ń lò ó pàápàá ní ìkìlọ̀ tirẹ̀ nípa ìbálòpọ̀, kò sì gbọdọ̀ fi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tọrẹ fún ènìyàn ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, kí ó má baà bọ́ sára aboyún.

OHUN TÍ Ó KAN ILÉ WA

Ẹnì kan lè sọ pé, awa tí awọ wa dúdú, kí ni ó kàn wá nínú àrùn òyìnbó? Òótọ́ ni pé dúdú awọ wa jẹ́ agboòrùn tí a bí mọ́ wa. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wa kan wà tí a bí láìsí agboòrùn yìí, àwọn àfín ni. Anezi Okoro, oníṣègùn awọ ọmọ Nàìjíríà, kọ̀wé ní 1975 nípa àwọn àfín tí ó yẹ̀ wò ní ilẹ̀ wa. Ó ní òun kò rí ọ̀kan tí ó ti kọjá ogún ọdún tí kò ní yálà jẹjẹrẹ awọ tàbí àmì tí í ṣáájú rẹ̀. Ẹ̀yin òbí, ẹ ro ọ̀rọ̀ yìí wò: ọmọ ogún ọdún!

Jẹjẹrẹ tí ó wọ́pọ̀ jù lára àwọn àfín ilẹ̀ Áfíríkà jẹ́ irú mìíràn, tí í ti àwọn sẹ́ẹ̀lì apá òkè ìbòrí awọ wá, tí ó sì burú ju ti Jacob lọ nítorí pé ó lè tètè ràn. Kì í ṣe ọ̀nà hedgehog ni ó sábà ń gbà, nítorí náà ẹ má ṣe fi owó wá oògùn tí a sọ lókè yìí fún un. Ṣùgbọ́n ọ̀tá kan náà ni ó ń fa méjèèjì, oòrùn ni, ó sì ṣeé yẹra fún. Ẹ dá aṣọ alápá gígùn fún ọmọ yín tí ó jẹ́ àfín, ẹ ra àkẹtẹ̀ etí fífẹ̀ fún un, ẹ wá ìpara tí í dènà ìtànṣán oòrùn bí agbára yín bá ká a. Ẹ má ṣe rán an níṣẹ́ ní ọ̀sán gangan, ẹ má sì jẹ́ kí ó bá yín pàtẹ ọjà láìsí ìbòòji. Ẹ sọ fún olùkọ́ rẹ̀ kí ó jẹ́ kí ó jókòó síwájú, nítorí ojú àfín kì í ríran jìnnà, kí ó sì jẹ́ kí ó ṣeré lábẹ́ igi.

Bí egbò kan bá wà lójú, létí, lọ́rùn tàbí lẹ́yìn ọwọ́ ẹnikẹ́ni nínú ilé, tí oṣù kan kọjá tí kò jinná, tàbí tí ó ń jinná tí ó ń tún ṣẹ̀jẹ̀, ẹ mú onítọ̀hún lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà. Ẹ má ṣe fi ásíìdì jó o, ẹ má sì ṣe fi àgúnmu bò ó mọ́lẹ̀ títí yóò fi jẹ egungun. Abẹ kékeré lónìí sàn ju abẹ ńlá lọ́la lọ.

Ẹ̀yin ìyá, ọ̀rọ̀ tiyín ni a fi kádìí. A kò sọ pé gbogbo ewé ni ó burú. Ewé ni ó wo ọ̀pọ̀ nínú àwọn bàbá wa sàn. Ṣùgbọ́n àgùntàn Idaho kò mọ̀ pé ọjọ́ kẹrìnlá ni òun wà, ewé náà kò sì korò lẹ́nu rẹ̀ débi tí yóò fi tu ú dànù. Obìnrin púpọ̀ ni kò tíì mọ̀ pé òun ti lóyún nígbà tí a ń pín ojú, ọpọlọ àti ọkàn ọmọ inú rẹ̀ sí ipò wọn. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń retí oyún, kí ó ṣọ́ra fún oògùn tí kò mọ̀dí rẹ̀, ìbáà ṣe ti inú ìgò, ìbáà ṣe ti inú ìkòkò, kí ó sì kọ́kọ́ bi nọ́ọ̀sì tàbí dókítà léèrè. Ẹni tí ó sì ń lo oògùn tí dókítà fún un, kí ó má ṣe dá a dúró fúnra rẹ̀. Kí ó tètè lọ sọ fún dókítà pé òun ń retí ọmọ.